Owó Tí Mo Fi Lé Láwàlì Lórí

Ìjẹ̀mọ̀, Abẹ́òkúta,
Oṣù kẹwàá, ọdún 1864.

Olújìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó Èkó, mo sì kí ọ kú ewu omi, nítorí ọlọ́kọ̀ kan ní Àró sọ fún mi pé ọ̀sà kún dé ẹnu ọ̀nà àwọn kan lọ́dọ̀ yín, láti ìgbà náà ni n kò sì ti sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún ọ ní yàrá, jọ̀wọ́ bẹ ọ̀gá rẹ kí ó gbé ọ lọ sókè. Bí ó bá sì jẹ́ òkè ni o wà, ṣọ́ra fún àtẹ̀gùn. Ọlọ́run tí ó mú wa ti Sàró dé láìrì yóò pa ọ́ mọ́ lórí ilẹ̀ àti lórí omi, kò ní jẹ́ kí ìròyìn burúkú rẹ bá mi nílé. Àmín.

Ara mi le díẹ̀. Ikọ́ mi ti lọ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe tètè lọ yẹn gan-an ni ó ń kọ mí lóminú. Apá odi ìlú tí ó wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ti mọ ọ́n padà. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ. Ìyá rẹ wà nílé, ara rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ọlọ́kọ̀ Àró tó sọ ọ́ fún ọ bí ó ti wù ú.

O rántí pé Pàràkòyí wa, olórí àwọn oníṣòwò, kú lẹ́yìn àjọ̀dún Àjíǹde. Àwọn méjì ni ó du oyè náà. Ọ̀kan ni Dìran, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí ó ń ta aṣọ. Èkejì ni Láwàlì, Mùsùlùmí tí ó ń ta iyọ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dá gbogbo ayé lójú pé Dìran ni àwọn Ògbóni yóò fi jẹ. Ìyá rẹ ti ń kọ́ bí àbúrò Pàràkòyí ṣe ń rìn lọ́jà. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń rò ó pé bí Dìran kò bá wá rí i jẹ ńkọ́? Ìyá rẹ kì í sunkún kékeré. Nígbà tí adìẹ rẹ̀ kan kú, àwọn ará ilé kejì wá bá wa kẹ́dùn.

Àárín àkókò náà ni ọkùnrin kan ti Èkó dé, Adéṣọlá ni orúkọ rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó ní agbòjò, ó sì jókòó sábẹ́ igi lọ́jà Ìtòkú pẹ̀lú síléètì kan tí ó kọ orúkọ Dìran àti ti Láwàlì sí, pẹ̀lú iye kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ rò pé gómìnà Èkó ni ó rán an wá kà wá. Ó ní rárá o, Bàbá, ẹni tí ẹ bá rò pé wọn yóò fi joyè ni kí ẹ fi owó lé lórí. Ó ní bí mo bá fi ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan lé Dìran lórí, tí Dìran sì jẹ, díẹ̀ báyìí ni òun yóò fi kún un fún mi, torí ohun tí gbogbo ènìyàn ti rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi lé Láwàlì, tí Láwàlì sì jẹ, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni òun yóò gbé wá bá mi nílé. Bí ẹni tí mo mú kò bá jẹ, owó mi di tòun.

Ojú ẹsẹ̀ ni ó yé mi. Mo kàwé ní Sàró, mo sì mọ ohun tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ máa ń ṣe. Bí ọkọ̀ wọn bá ń lọ sí ìlú òyìnbó, wọn a fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, pé bí ọkọ̀ náà bá rì, kí onítọ̀hún san owó ńlá fún wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ rì. Ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù ni ó ń fi owó lé lórí. Dìran ni ọkọ̀ wa, Láwàlì sì ni àpáta inú omi. Ni mo bá fi ọ̀kẹ́ kan lé Láwàlì, kí a lè rí ohun tí a ó fi rẹ ìyá rẹ lẹ́kún bí nǹkan bá bàjẹ́. Theophilus tí ó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì Aké ní tẹ́tẹ́ ni mo ta yẹn. Mo ní kì í ṣe tẹ́tẹ́, àwọn onítẹ́tẹ́ kì í fún ènìyàn ní ìwé, ọkùnrin yìí sì kọ orúkọ mi sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ tí ó dára ju ti olùkọ́ ìjọ wa lọ.

N kò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Kí n tó délé ni gbogbo ọjà ti gbọ́ pé Ọlálẹ́yẹ, àna Dìran, tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹun nínú àwo kan, Láwàlì ni ó fi owó lé. Wọ́n ní bàbá tí kì í jẹ ẹja nítorí eegun, bí irú rẹ̀ bá lè gbé odidi ọ̀kẹ́ kan kalẹ̀, ó ti rí nǹkan. Wọ́n ya lọ bá Adéṣọlá láti fi tiwọn náà lé Láwàlì. Ó ń pa iye tí ó wà níwájú Láwàlì rẹ́, ó ń kọ òmíràn, títí ẹfun fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi ènìyàn joyè níhìn-ín láì bi àna rẹ̀ léèrè ìwà rẹ̀, nítorí ẹni tí ó fẹ́ ọmọ nílé kan ni ó mọ bí ilé náà ṣe ń rí nígbà tí àlejò bá ti lọ. Àwọn Ògbóni ránṣẹ́ pè mí. Mo yin Dìran títí òógùn fi bò mí. Mo ní kì í purọ́, kì í wọn aṣọ dín fún oníbàárà, kì í kó owó olówó jẹ. Àgbà kan nínú wọn ní ẹ ṣeun, Bàbá Olújìmí, a ti gbọ́ ti ẹnu yín, ṣùgbọ́n ti owó yín ni a kọ́kọ́ gbọ́, owó kì í sì í pọ́n ènìyàn lé. Mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti àpáta yé wọn. Wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Láwàlì ni wọ́n fi jẹ.

Adéṣọlá kò sá. Ó fa ojú ro, ṣùgbọ́n ó san owó gbogbo ènìyàn. Aláàárù mẹ́rin ni ó ru tèmi wá lójú ọ̀sán gangan, wọ́n ń kọrin bọ̀. Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé owó ìtùnú rẹ̀ nìyí. Ó wo àwọn àpò náà, ó wò mí, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì gba ilé Dìran lọ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Dìran. Mo bá a níbi tí ó jókòó sí lórí nǹkan tí ó fi aṣọ bò, kò sì fẹ́ dìde. Mo ṣe bí ìbànújẹ́ ni. Ìyá rẹ ní kí ó dìde dá àna rẹ̀ lóhùn, bí ó ti fẹ́ dìde báyìí ni àpò tú lábẹ́ rẹ̀, tí owó ẹyọ ń ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí a má bínú. Ó ní ọjọ́ tí òun ti gbọ́ pé èmi fi owó lé Láwàlì ni òun ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti bàjẹ́, òun náà bá rán ènìyàn lọ fi tòun lé e, pé bí oyè bá bọ́, kí owó má bọ́. Ó ní ẹni tí ó kàwé ni òun tẹ̀ lé. Inú mi dùn, àwa méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín, kí n tó gbójú sókè rí ojú ìyá rẹ.

Kò sunkún. Ìyẹn ni ó dẹ́rù bà mí jù. Ó pe aláàárù, ó kó owó Dìran, ó wá sílé wá kó tèmi, títí kan ọ̀kẹ́ tí ó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, ó sì ru gbogbo rẹ̀ lọ fún Láwàlì, ó ní ìdílé wa ní kí òun kí i kú oríire. Láwàlì dúpẹ́, ó ní ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kí òun jẹ owó tẹ́tẹ́, ó sì fi gbogbo rẹ̀ tún ọ̀nà ọjà tí àgbàrá ti gbẹ́ ṣe. Ǹ bá sọ fún un pé kì í ṣe tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi mí. Ìlú ń yìn ín lórí ọ̀nà náà títí di òní.

Ìyá rẹ ti padà sílé. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ kí n gbọ́, ewúrẹ́ ni ó ń sọ ọ́ fún. Lánàá ó bi ewúrẹ́ náà bóyá òun náà kàwé ní Sàró.

Nítorí náà, ọmọ mi, kò sí owó nílé. Jọ̀wọ́ fi owó sílè díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún epo àtùpà àti aṣọ òtútù, kí o dì í mọ́ inú aṣọ kí ọlọ́kọ̀ má mọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó dì í, yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Adéṣọlá ti padà sí Èkó. Wá a rí, kí o sọ fún un pé mo fẹ́ fi owó lé e pé ìyá rẹ kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì yóò fi dé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù láyé yìí nìyẹn, n kò sì fẹ́ kí ó ká mi mọ́ òfìfo.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Yóò mú ọ̀sà kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ, yóò fún ọ ní aya tí yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀, kò sì ní jẹ́ kí a jẹ owó Adéṣọlá náà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálẹ́yẹ.