Àlejò Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní kí a máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ìlà kan. Ó ní òun kò ní kà á. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó pè mí sójú pátákó lónìí. Mo ní ìbàdí ń dùn mí. Kápẹ́ńtà tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ìyá, lọ́sẹ̀ tó kọjá orúnkún ni, lónìí ìbàdí. Ẹnu yín nìkan ni ara rẹ̀ le!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò sí ohun tó ṣe ìbàdí mi. Àlejò ni. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn — ìgbọ̀n tó wọ ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìgbà òjò tó kọjá. Bí mo bá jókòó, màá fi ọwọ́ òsì dì í mú. Lójú pátákó, gbangba ni.

Aránṣọ ni mí. Abẹ́rẹ́ ni mo fi rán aṣọ, abẹ́rẹ́ náà ni mo fi rán ọmọ níléèwé. Ta ni màá sọ fún pé ọwọ́ yìí ń gbọ̀n?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Tẹjúmọ́ná wá kí mi. Ọmọ ọmọ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bí a bá tan iná, kì í ṣẹ́jú, á kàn tẹjú mọ́ ọn. Wàyí o, iná ṣíṣe ló di iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ ló ń gbé fò.

Ó ti ṣe iná tuntun kan. Ó ní lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe irú rẹ̀: LED. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi dùn jù ú lọ.

Iná yìí wà fún kámẹ́rà kan tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n á wá fi àwọn àwòrán náà hàn díẹ̀díẹ̀, ohun tó yára á sì di ohun tó ń rọra lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀ọ̀kan kì í rí ìmọ́lẹ̀ tó, àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ bí ọ̀sán gangan. Iná àtijọ́ pọ̀ tó, ó kàn gbóná jù. Obìnrin kan wà ní yunifásítì tó ń wo bí oyin ṣe ń ju ìyẹ́. Iná àtijọ́ ń yan àwọn oyin rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá Oyin ni Tẹjúmọ́ná ń pè é. Bí ó bá gba iná yìí, àwọn mìíràn á tẹ̀ lé e. Bí kò bá gbà á, ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n pa á tì.

Mo ní kí ló dé tí wọn kò lo gílóòbù ilé. Ó ní gílóòbù ilé ń ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sókè, kíákíá tí ojú wa kò fi rí i. Kámẹ́rà ń rí i.

Mo wo gílóòbù tó wà lókè orí mi. Àṣé òun náà ní àlejò.

Ó fẹ́ kí n wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níwájú kámẹ́rà, kí n rán ojú ìránṣọ díẹ̀, kí Ọ̀gá Oyin lè rí bí iná ṣe ń fi ohun tíntìnnín hàn. Ó ní, "Mọ́mì Àgbà, ta ló tún ní irú ọwọ́ yín?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Ibi iṣẹ́ wọn. Aṣọ dúdú lójú fèrèsé. Òórùn irin yíyọ́. Fáànù kékeré kan ń kùn bí ẹni tí wọn kò fún lóúnjẹ. Iná náà kò ju ọmọrí ìkòkò lọ, ẹyọ iná tó tò sínú rẹ̀ jọ àgbàdo lára ṣúkù. Wọ́n fi awò dúdú sí mi lójú. Nígbà tí wọ́n tàn án, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn ọ̀run. Ọwọ́ mi kò gbóná rárá.

Àlejò ń sùn ní àárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ki òwú, ó wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo yangàn, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Wọn kò tíì wo fídíò náà nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá Oyin ti wò ó. Ó ní iná náà ń ṣẹ́jú. Dídán tó wà lára abẹ́rẹ́ ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú. Ó ní òun kò lè fi irú rẹ̀ wo oyin.

Tẹjúmọ́ná ní òun á tún un ṣe. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un.

Àlejò kò sùn nígbà yẹn. Ó kàn ń gbọ̀n níwọ̀n tí ojú kò lè rí ni, abẹ́rẹ́ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, dídán rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé Tẹjúmọ́ná. Ó ti tú iná náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ègé ọṣẹ kan, abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán nínú rẹ̀.

Mo ní kí lèyí. Ó ní ìdánwò ni, òun ya abẹ́rẹ́ náà lábẹ́ iná, láìsí ọwọ́ kankan níbẹ̀.

Mo ní, "Ó wá ńkọ́? Ṣé ó ṣẹ́jú?"

Ó ní, "Kò ṣẹ́jú, Mọ́mì Àgbà."

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló wò, ó sì yára mú ojú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbà ní ìhòòhò.

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún Ọ̀gá Oyin. Ó ní rárá o. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà pé iná ni. Iná mìíràn ṣeé ṣe."

Ọmọ yìí mọ̀. Ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe aṣọ bò mí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mi ò lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń rò. Nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n kọ́kọ́ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gba àpamọ́wọ́. Nígbà tó yá, bí ẹnìkan bá kí i, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a jẹ́ "a dúpẹ́." Ọwọ́ ló ń gbọ̀n, ẹnu ni wọ́n gbà.

Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn. Mi ò tíì kọ ọ́ rí.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ti wọ́ báyìí, àgbà wà lọ́jà, àgbà náà ló sì ń tì í.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mo wọ bùbá mi tó dára jù, mo lọ. Tẹjúmọ́ná rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde dúró. Ọ̀gá Oyin wà lórí ìjókòó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Mo ti rò pé á jẹ́ agbéraga, ó kúnlẹ̀ kí mi.

Mo ní, "Ẹ má bá iná wí o. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni."

Fáànù nìkan ló ń kùn.

Mo ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ inú ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, kí wọ́n ya méjèèjì pọ̀. Tẹjúmọ́ná ní, "Mọ́mì Àgbà, kò pọn dandan." Mo ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Apá tèmi ni mo wá ṣe yìí. Tan iná."

Wọ́n fi fídíò náà hàn lójú ògiri, a jọ wò ó. Abẹ́rẹ́ inú ọṣẹ dán, ó dúró, kò yẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú. Ìka mi tóbi lójú ògiri, gbogbo ìlà ara rẹ̀ hàn, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi láti ìgbà ọmọge wà níbẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ń rọra gbọ̀n, bí ìgbà tí omi ń mi lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kọjá. Mo ti rò pé màá kórìíra rẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni. Ọwọ́ mi ni.

Ọ̀gá Oyin sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Màmá." Ó wá yíjú sí Tẹjúmọ́ná, ó ní iná tó lè fi èyí hàn kedere báyìí á fi ìyẹ́ oyin hàn. Ó gbà á.

Tẹjúmọ́ná sunkún. Kì í ṣe ti ayọ̀ nìkan.

Lẹ́nu ọ̀nà ó gba àpamọ́wọ́ mi, ó fẹ́ bá mi gbé e. Mo dúró. Mo ní, "Fún mi ní àpamọ́wọ́ mi." Ó wò mí lójú. Ó fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Tẹjúmọ́ná ti bá mi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Mo ní mo máa lọ. Mo ní ó lè bá mi jókòó, ṣùgbọ́n bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀, èmi ni màá dáhùn. Ó ní, "Ta ló tó gba ẹnu yín lọ́wọ́ yín, Mọ́mì Àgbà?" A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Bóyá oògùn wà. Bóyá kò sí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Tíṣà ní ta ló máa kọ ọjọ́ òní sójú pátákó. Mo dìde.

Kápẹ́ńtà ní, "Ìyá, ìbàdí ńkọ́?" Mo ní, "Mo fi í sílé."

Ṣọ́ọ̀kì ń kan pátákó, kò-kò-kò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀rín Kápẹ́ńtà kú. Lẹ́tà mi wọ́, òǹkà mi wọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé lè kà wọ́n.

Tíṣà wá síwájú, ó rọra na ọwọ́ láti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò tíì ṣe tán.

Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.