Mo Tún Kọ Orúkọ Bùkọ́lá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àgbowó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ mo fi rúlà fa ìlà sórí páálí, mo ṣètò bí màá ṣe kàwé, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe é: lónìí èmi ni màá bi Bùkọ́lá, ẹnìkejì mi nínú yàrá, ní ìbéèrè, lọ́la òun ni yóò bi mí. Ìgbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tán ni mo tó rántí pé kò sí níbí mọ́.

Òmùgọ̀ ni mí. Ẹrù mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kó fi ilé ìwé sílẹ̀ torí pé máàkì rẹ̀ kò tó. Àwa méjèèjì la jọ ka ìwé kan náà. Mi ò tíì pè é láti ìgbà náà. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́sàn-án mo ń ka ìwé sókè, mo bi ìbéèrè, yàrá dákẹ́. Mo bá pè é lórí fóònù, nílé wọn ní Àpáta. Mi ò tiẹ̀ kí i.

"Bùkọ́lá, iṣẹ́ mẹ́rin wo ni kíndìnrín ń ṣe?"

Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fo ìkankan. Èmi tí ìwé wà níwájú mi ti gbàgbé ìkẹrin.

"O ṣì ń kàwé?"

"Mò ń kà á. Kò kàn sẹ́ni tó ń bi mí ni."

Mo wo ògiri. Ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ òní lórí páálí ni: bi Bùkọ́lá.