Àwòrán Bàbá Rẹ Tó Wà Lára Géètì

Vesela ọmọ mi, ọmọ Nedelcho,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Asen, mo kí ilé gogoro tí ẹ ń gbé ní Sofia, mo tún kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè níbẹ̀, èyí tó sé mi mọ́ inú nígbà tí mo wá kí yín, mo ti dárí jì í. Kí Màríà Mímọ́ máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ẹ má ṣàìsàn, kí ẹ má sì ṣe wàhálà òfo. Bí ẹ bá ń béèrè wa, a wà dáadáa, orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, ìwọ náà sì mọ̀ pé ó ti ń ráhùn kí n tó bí ọ.

Nílé níbí, ewúrẹ́ wa Belka já okùn, ó wọ ọgbà àlùfáà, ó jẹ gbogbo kábéèjì wọn tán. Àlùfáà ní àwọn ti dárí jì í, ṣùgbọ́n wọn ò kí mi dáadáa lẹ́yìn ìsìn. Stoyna tó múlé tì wá ti ra eyín tuntun, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ fún un báyìí tí kì í rẹ́rìn-ín sí, àní nígbà tí mo ń sọ fún un pé àgbò Pencho kú, ó rẹ́rìn-ín, kí a ṣáà lè rí eyín.

Ní ti iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí o gbé lé mi lọ́wọ́, mo ń ṣe é tọkàntọkàn. Láti ọjọ́ tí o ti gbé ilé wa sínú íńtánẹ́ẹ̀tì, tí o ní gbogbo ayé ló ń wò ó, mi ò ráyè sinmi mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń gbá iwájú ilé, nítorí mi ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yojú. Mi ò sá yẹ̀rì mi síwájú ilé mọ́, ẹ̀yìn abà ni mo ń sá a sí, kí ará Jámánì kankan má baà jókòó sílé rẹ̀ kó máa wo yẹ̀rì opó. Àpótí kékeré tí Asen kàn mọ́ ògiri láti máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, èyí tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sùn níbí nígbà ìrúwé ní kò lágbára rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé e sún mọ́ ààrò, mo fi irun àgùntàn hun ẹ̀wù fún un, ó sì jọ pé ara rẹ̀ ti ń yá, nítorí ó ń ṣẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, àlejò ò wá mọ́. Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ lórí fóònù, pé bí ẹnikẹ́ni ò bá yan ilé wa kí àjọ̀dún Màríà tó dé, Asen á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, ẹ ó kó èmi àti bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí Sofia, ẹ ó sì ti ilé pa. O ní torí pé o fẹ́ràn mi ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé làbọ̀ sinmi oko, Vesela, bí mo bá jáde lọ ra búrẹ́dì ní Sofia, ibo ni mo fẹ́ padà sí tí màá pè nílé? O tún ní ìwé ìrántí ikú bàbá rẹ, èyí tó ní àwòrán wọn, tó wà lára géètì, ló ń lé àlejò, pé ẹni tó ń yan hòtẹ́ẹ̀lì fún ìgbádùn ò fẹ́ kí òkú kọ́kọ́ kí òun káàbọ̀. O ní kí n yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Géètì wo ló wà lábúlé yìí tí kò sí ìwé òkú lára rẹ̀? Àní Gergana tó kọ́ ilé àlejò tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ìwé ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní géètì tirẹ̀ kó tó yọ ọ́, kó fi òdòdó rọ́pò rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń lẹ tuntun fún bàbá rẹ. Àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni mo lò, èyí tí wọ́n di gíláàsì mú, tí wọ́n lanu rẹ́rìn-ín, tí ọtí ṣì wà lára irunmú wọn. Bí mo bá ń jáde láàárọ̀, mo máa ń kí wọn. Bí mo bá dé, mo máa ń sọ fún wọn iye tí wọ́n ń ta ṣúgà.

O sì mọ irú èèyàn tí bàbá rẹ jẹ́. Ẹni tí wọn ò rí rí ni wọ́n ń kó wálé láti ibùdókọ̀, wọn ò ní ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ìkòkò bá ti gbẹ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pẹ̀lú àjèjì mẹ́ta. Ìjà tí a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo gbé omi kaná, mo mú ọ̀bẹ àti àkísà, mo lọ sí géètì láti lọ ha ìwé náà kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ti hewú, wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n dúró níwájú bàbá rẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ará Họ́láńdì ni wọ́n, ọkùnrin ń jẹ́ Wim, ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Anneke. Wọn ò gbọ́ èdè wa, wọn ò sì lè ka ìwé wa, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú fóònù wọn tó gbọ́ èdè wa dáadáa, tó ń sọ ọ́ bí àwọn tó ń ka ìròyìn. Kò kí mi o. Bó ṣe lanu báyìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló bọ́ sí. Mo bi í pé ọmọ ta ni, ará ibo ni bàbá rẹ̀, ó kàn tú u sí èdè tiwọn ni, àwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, bóyá wọn kì í jẹ́ kó sinmi ló fi rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní àwọn méjì yìí ń wá hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó wuyì láti lo ìsinmi wọn. Ó ní wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Gergana, adágún rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí wọn níbẹ̀. Ó ní ìyàwó sọ pé ojú ọkùnrin ara géètì yìí ló wu òun, pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín báyìí ò lè gbé ọbẹ̀ àná fún èèyàn, pé ṣé ọkùnrin yìí ló nilé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo mi orí sọ́tùn-ún sósì bí àwa ṣe ń mi orí bí a bá gbà, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò wọn kí wọ́n máa lọ. Mo sáré di okùn àpò Anneke mú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ni, àwọn ló nilé. Wọ́n ní níbo ni onílé wà. Mo ní wọ́n wà lórí òkè. Vesela, irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Wim ní kò burú, pé àwọn á kí wọn bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Mo gbé omi gbígbóná mi padà sílé, mo fi fọ abọ́.

Mo se ẹ̀wà pẹ̀lú ewé míǹtì, mo yan tàtàṣé, mo rin pòtétò, mo dín in pọ̀ mọ́ wàràkàṣì bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Anneke fúnra rẹ̀ gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ti onílé ni. Ó bu ẹ̀wà sí abọ́ kan, ó fi àwo dé e, kó má baà tutù kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Mo bu tiẹ̀ fún obìnrin inú fóònù náà, ó dúpẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì Wim bi mí pé ṣé òkè yẹn ni onílé ń sùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, ṣé ewúrẹ́ ni àbí àgùntàn. Mo ní wọn ò sin nǹkan kan, wọ́n kàn ń sinmi ni. Wim mí kanlẹ̀, ó ní irú ìgbé ayé tí òun ń wá kiri nìyẹn.

Stoyna gbọ́ sí i, ó pè mí sẹ́yìn ọgbà, ọjọ́ yẹn ló gbàgbé láti rẹ́rìn-ín. Ó ní Zdravka, ìwọ náà ń fi òkú pe oníbàárà, lọ sọ òtítọ́ fún àwọn èèyàn yẹn. Mo ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ Gergana, Asen á sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ó ní kí Nedelcho dárí jì mí. Mo wọlé, mi ò sì lè wojú bàbá rẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Anneke ra ìgò wáìnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwọn ò lè jẹun nílé èèyàn kí àwọn má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n mú àwọn gòkè lọ bá onílé. Mo ní ọ̀nà jìn. Wim ní ẹsẹ̀ ni àwọn fi rìn dé ibí. Mo ní oòrùn mú. Wọ́n dé fìlà. Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí mọ́, mo bọ́ síwájú wọn.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, Wim rọra dúró, ó ṣí fìlà. Anneke ò tíì mọ̀, ó ń wọ̀tún wòsì bóyá òun á rí ẹni tó ń bọ̀, títí ó fi dé iwájú òkúta tí àwòrán kan náà wà lára rẹ̀, ẹ̀rín kan náà, gíláàsì kan náà. Mo sọ fún obìnrin inú fóònù pé jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi sọ ọ́ fún wọn jẹ́jẹ́, ìwé òkú ni èyí tó wà lára géètì, ibí ni onílé ti ń sinmi láti ọdún mẹ́ta, mi ò fẹ́ kí wọ́n kó mi kúrò nílé wa ni mo ṣe dákẹ́. Ó sọ ọ́ fún wọn. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ èèyàn kí.

Anneke jókòó sórí koríko, ó sunkún. Mo rò pé ó ti parí fún mi. Ló bá nu ojú, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí wọn ò fi wá jẹ ẹ̀wà. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Wim ṣí ìgò. Mo fi hàn án bí a ṣe ń da wáìnì sórí sàréè lẹ́ẹ̀mẹta kí alààyè tó mu. Ó dà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ fún ibùsùn àti fún oúnjẹ, obìnrin inú fóònù sì tú gbogbo rẹ̀ sí èdè wa. Mo rò pé nítorí bàbá rẹ ló ṣe tú u, torí èmi ti mọ ohun tí Wim ń sọ.

Wọn ò lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó lọ. Anneke ní òun á kọ nípa ilé wa sínú fóònù fún àwọn tó ń wá ibi ìsinmi. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewúrẹ́ wa kì í kan èèyàn. Mi ò mọ ohun tó kọ, awò ojú mi ò lè ka èdè Họ́láńdì.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi sọ fún Asen kó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé nǹkan mìíràn. Ibí ni mo wà. Mi ò sì ní yọ ìwé yẹn. Òjò ti ba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lọ tẹ tuntun, kó tóbi, kí àwòrán hàn láti ojú títì. Fi owó ìyẹ̀fun sí i, àti ti òwú, torí bí òtútù bá dé, ẹ̀wù kan ò ní tó àpótí oníná yẹn. Má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń pọwó lára ògiri fi ránṣẹ́, nítorí ìgbà tí mo lọ bá a kẹ́yìn, mo kí i, mo sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi fún un, ó gbé káàdì mi mì. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, èèyàn nìyẹn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ilé tí àlejò ń fẹ́ wọ̀. Kí ìkòkò rẹ má mọ́ lóúnjẹ. Kí ọkọ rẹ pẹ́ fún ọ ju bí tèmi ṣe pẹ́ fún mi lọ, kí o sì máa rí ẹni tí á rẹ́rìn-ín sí ọ bí o bá ń wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ, Zdravka.

Mo ti fẹ́ di ìwé yìí pa nígbà tí ajá Stoyna bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àjèjì mẹ́ta ló wà ní géètì, wọ́n gbé fóònù dání, wọ́n ń wo inú rẹ̀, wọ́n ń wo bàbá rẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìkòkò ti gbẹ, Vesela. Bàbá rẹ tún ti kó àlejò dé, wọn ò sì sọ fún mi.