Ààwẹ̀ Tí Ìmọ́lẹ̀olúwa Gbà Kí Wọ́n Tó Gé Ìka Rẹ̀

Abà Ọdẹ́túndé,
Lọ́nà Akanran.

Gbọ́njúbọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àìsinmi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Olúwa tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ọ ní títì, yóò máa ṣọ́ ọ nínú ilé, níbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹkún, wọn kò ní í bá ọ níbẹ̀. Bí o bá ń bèèrè wa, gbogbo wa ń bẹ, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, bàbá rẹ náà sì ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Má fòyà, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju owó tó wà lórí fóònù mi lọ.

O mọ ìka kẹfà tó ń fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì Ìmọ́lẹ̀olúwa àbúrò rẹ, tí wọ́n fi ń pè é ní Olúgbódi. Gbogbo aṣọ tí a bá wọ̀ fún un ni ìka náà ń kọ́, lọ́jọ́ kan ó ya, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ẹní. Dókítà Mojísọ́lá, ní ilé ìwòsàn tí a lọ n'Íbàdàn, ní iṣẹ́ kékeré ni, pé àwọn yóò fi oògùn kùn ún lóorun díẹ̀, àwọn yóò gé e, a óò sì gbé ọmọ relé lọ́jọ́ kan náà. Kékeré lójú ẹni tí kò bí i! Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wojú Ọlọ́run lẹ́yìn rẹ kí ó tó fún mi ní ọmọ olóṣù mẹ́wàá yìí. Bí wọ́n bá kùn ún lóorun tán tí kò jí ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́ fún ọ.

Ohun tó fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ ni pé àwọn dókítà ìsinsìnyí ti mọ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hasanat ló sọ fún wa lọ́jọ́ Ajé pé lọ́jọ́bọ̀ tí wọn yóò ṣe é, ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan láti ìdájí, ọmú pàápàá, títí wọn yóò fi ṣe tán. Ààwẹ̀! Mo wo bàbá rẹ, bàbá rẹ wò mí. Ó ní àwọn Mùsùlùmí mọ ààwẹ̀ í gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú yóò ti òun bí ọmọ ọmú bá ń gbààwẹ̀ tí Aládùúrà bíi tòun ń gé iyán. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àìjẹ àìmu ọlọ́jọ́ mẹ́ta nìyẹn, omi kò kan ọ̀fun rẹ̀. Wòlíì Ọláníran kéde rẹ̀ nínú ìjọ, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá bá wa gbà á di ọ̀sán. Èmi tí mo ń fọ́mọ lọ́mú, Wòlíì ní kí n máa jẹ ẹ̀bà mi.

A dé ibẹ̀ ní kùtù Ọjọ́bọ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè ohun tí ara ọmọ kò gbà, mo kọ ọ́ pé kò gbà kí bàbá rẹ̀ máa fi irùngbọ̀n gún un. Wọ́n bèèrè ẹ̀sìn, mo kọ orúkọ ìjọ wa àti aago tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, bóyá wọn á wá. Wọ́n ní ta ni kí àwọn pè bí ìṣòro bá dé, mo kọ Jésù Kristi. Hasanat rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ní fóònù ni òun ń bèèrè, ni mo bá fún un ní nọ́ńbà tìrẹ.

Gbọ́njú, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ yẹn, àfi bíi ṣọ́ọ̀ṣì wa! Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọ sùtánà fún mi, aláwọ̀ ewé ni, funfun nìkan ni kò jẹ́. Kò sí obìnrin tó ṣí orí sílẹ̀. Dókítà fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà. Wọ́n tan àbẹ́là pupa kékeré kan, wọ́n fi há ọmọ ní ìka ẹsẹ̀, kò sì jó o. Mo bi Dókítà pé ìjọ Kérúbù wo ni wọ́n ń lọ, wọ́n ní Onítẹ̀bọmi ni àwọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi ara pamọ́ bíi Nikodémù ni. Wọ́n fi nǹkan bí ife bo ọmọ nímú, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo bẹ̀rẹ̀ Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, n kò tí ì dé oúnjẹ òòjọ́ tí ọmọ tí ebi ń pa fi sùn lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ síta.

Níta, obìnrin kan jókòó tì wá, ó tú àkàrà gbígbóná. Àkàrà yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ gbé imú sókè, ó ní kí Olúwa má fa òun sínú ìdẹwò, ó sì rọra yọ̀ látorí àga bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ṣebí ẹ̀mí ló gùn ún, mo ń dáhùn pé àmín, àmín, àfi ìgbà tí mo rí i pé kò dìde mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n so omi rọ̀ sí i lọ́wọ́.

Kò pẹ́ ni wọ́n gbé Ìmọ́lẹ̀ jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn án. Mo jókòó sáàárín wọn. Ojú ọmọ ṣì dì. Mo pè é, kò jẹ́ mi lóhùn. Mo tún pè é, mo kì í, omi ti ń bọ́ lójú mi, ni ó bá yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá ọmú, kò rí i, ó figbe ta! Kò sí ohùn tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Igbe yẹn náà ló jí bàbá rẹ, òun ń bèèrè ẹ̀kọ. Nígbà tó di aago méjì, wọ́n ní ọmọ lè máa lọ ilé, bàbá ló kù. Mo pọn ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, a jókòó ti ẹni tó sìn ín wá, títí di ìrọ̀lẹ́. Hasanat ṣàlàyé fún wa pé ààwẹ̀ ọmọ kì í ṣe ti àdúrà, pé kí ó má baà bì lójú oorun ni. Bàbá rẹ ní òun gbọ́. Nígbà tí Hasanat lọ tán, bàbá rẹ ní ọmọdé ni, kò mọ bí iṣẹ́ tó ń ṣe ti tóbi tó.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Tèmídayọ̀ tí ẹ jọ ń gbé yàrá pè mí lánàá. Ó ní láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo sọ fún ọ pé wọn yóò gé ìka náà ni o ti di fóònù mú, o kò jẹ, o kò mu, títí mo fi pè ọ́ nírọ̀lẹ́, pé bí o ṣe gbọ́ pé ọmọ ti jí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lo jókòó sí tí o ń sunkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín sí ọ létí, n kò mọ̀ pé ẹkún lo fi ń dá mi lóhùn. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ní kí o gbààwẹ̀? Wòlíì kò kéde fún ọ, nọ́ọ̀sì kò pàṣẹ fún ọ. Mo ti ń sọ fún bàbá rẹ pé Èkó ti gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa. Mo tọrọ àforíjì.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí bàbá rẹ ti ṣèlérí ogún iṣu fún Dókítà, owó ọkọ̀ tí yóò kó o lọ ni kò sí. Má fi í sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi, mo sọ fún wọn pé èyí tí ọwọ́ ọmọ mi kàn ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ránṣẹ́, yọ nínú rẹ̀, ra oúnjẹ gidi, jẹ ẹ́ lójú Tèmídayọ̀, kí ó sì pè mí pé o jẹ ẹ́ tán.

Olúwa tó jí àbúrò rẹ lójú oorun yóò máa jí ìwọ náà sí ayọ̀ láràárọ̀. Bí o ṣe fi ebi pa ara rẹ nítorí ọmọ tí ìwọ kọ́ lo bí, ọmọ tí ìwọ yóò bí yóò jẹun yó lọ́wọ́ rẹ, èmi náà yóò sì wà níbẹ̀ láti gbé e pọ̀n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Gbọ́njú.