Lorene Haskett, Ìyá Tó Pe Ìlú Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí Ìbọn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1938, nígbà tí yìnyín ń yọ́ lójú odò, ni a bí Màmá wa, Lorene, ní ìlú Coldwell Bend ní ìpínlẹ̀ Illinois. Bàbá wọn ni Olóògbé Orville Dunning, tó ń tún ìbọn ṣe fún gbogbo agbègbè. Ìyá wọn ni Adeline, ọmọ ìdílé Reese tó ń gbin àgbàdo ní òdìkejì odò. Nínú ọmọ márùn-ún, Màmá nìkan ni obìnrin, àwọn nìkan náà ló sì kọ́ṣẹ́ bàbá wọn.

Màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1956. Ní 1958, wọ́n fẹ́ Wendell Haskett, àgbẹ̀ oníwà pẹ̀lẹ́, ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ìlú wa, níbi tí Màmá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mọ́kànlélógójì. Nígbà tí Bàbá Dunning kú ní 1971, Màmá gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọdẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé obìnrin ló fẹ́ fọwọ́ kan ìbọn àwọn. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà kí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín tó wọlé.

Bàbá wa, Wendell, sùn nínú Olúwa ní 1994. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé ní ọ̀sán gangan. Ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa jù jìnnà tó ogójì ìṣẹ́jú. Màmá yọ sí i nínú kíṣìnì pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́. Wọn kò yìn ín; ọkùnrin náà sá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Màmá pé ìbọn kò yẹ nílé opó.

Ọ̀rẹ́ Màmá láti kékeré ni Ìyáàfin Verna Stroud, olórí ìgbìmọ̀ ìlú. Ní 2008, Curtis, ọmọ-ọmọ tí Verna tọ́ dàgbà, rí ìbọn kan nínú dúrọ́ọ̀ ilé wọn ní ọjọ́ tí ìbànújẹ́ borí rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn ìléwọ́ sílé mọ́ ní Coldwell Bend.

Màmá dìde ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ní, “Verna, mo bá ẹ sin Curtis. Ṣùgbọ́n ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ò ní kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ ìlú kí n tó gba ara mi sílẹ̀.”

Verna ní, “Lorene, ìwé òfin yẹn ò bá mi tọ́ Curtis.”

Màmá pe ìlú lẹ́jọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi ro ẹjọ́ náà, àwọn méjèèjì sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì láìkí ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ta ni yóò gbàgbé? Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún la fi sin Màmá lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀ títí. Nígbà tó ní ìlú kò lágbára láti gba ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún aráàlú, ariwo ayọ̀ sọ! Russell, ọmọkùnrin wọn, gbé ìyá rẹ̀ sókè bí ọmọ ọwọ́. Fèrè ọkọ̀ la fi wọ̀lú.

Bí a ti ń gé páì nílé, a wá Màmá tì. Wọ́n ti kọjá sílé Verna. Gail, àkọ́bí wọn, tó sáré tẹ̀lé wọn, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Verna ní, “Ṣé o wá yọ̀ mí ni?”

Màmá ní, “Mo wá bi ẹ́ ni. Ká ní o mọ bí inú Curtis ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, ibo lò bá gbé ìbọn yẹn sí?”

Verna ní, “Ibikíbi tí kì í ṣe ilé mi.”

Màmá ní, “Mo ní àpótí irin ní ṣọ́ọ̀bù. Wá bá mi ṣí i fún aráàlú.”

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ìjà, ọtí tàbí ọ̀fọ̀ bá wọ ilé rẹ̀ lè kó ìbọn wá, kí ara rẹ̀ balẹ̀ kó tó wá gbà á. Wọn kò ní bi í léèrè ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnikẹ́ni kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dale Kimmel wọlé, ọkùnrin gìrìwò tó pariwo jù lé Verna lórí ní gbọ̀ngàn. Ó to ìbọn mẹ́ta sórí káńtà. Ó ní, “Ìyàwó mi ti lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n rí wọn fún ìgbà díẹ̀.” Verna ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dale padà wá ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà láti kó wọn. Ó wà láàárín wa lónìí.

Màmá àti Verna kò fìgbà kan gbà fún ara wọn. Ní 2016, Verna fẹ́ kí òfin mú kí gbogbo ìbọn wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Màmá takò ó láti ilé dé ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Verna ń ka òfin ìbọn tuntun kan sí Màmá létí lórí ibùsùn àìsàn wọn. Màmá ní, “Kà á tán ná, kí n sọ ibi tó ti wọ́.” Verna kà á tán. Màmá tọ́ka sí àṣìṣe mẹ́ta, wọ́n pajú dé, wọn kò là á mọ́. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Gail, Russell àti Noreen, ọmọ-ọmọ méje, àtọmọdọ́mọ mẹ́rin, àti Verna Stroud, tó ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun ṣì ní èsì fún àṣìṣe kẹta.

Ẹ sùn ire, Màmá. Kí ilẹ̀ etí odò yìí rọ̀ yín lọ́rùn. Tí Verna bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́run lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó.