Lọ́rì tí Yóò Gbé Ilé Bàbá Tófúnmi

                                        Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbẹ́ Èbúté,
                                        Igbókọ̀dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 1999.

Moríkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí o gbé àpò rẹ wọ ọkọ̀ ní èbúté Màhíntẹ̀dó, tí o ń juwọ́ sí wa títí àwọn igi etí omi fi bò ọ́ lójú wa. Báwo ni ara rẹ? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ṣé wọ́n ṣì ń jókòó sí ìdí òfì ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bá àwọn ahunṣọ wí pé ọwọ́ wọn dẹ̀? Àwọn ọmọ iléèwé rẹ tuntun ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn ju àwọn tiwa lọ? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ Ìséyìn á ti máa bó yín létè nísinsìnyí. Kí Ọlọ́run dá gbogbo yín sí fún wa.

Àwa náà wà. Tófúnmi ti ga sí i. Àbúrò rẹ̀ ṣì ń béèrè rẹ. Ó ní Tíṣà ló máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun parí, torí pé ìdajì rẹ̀ ló tíì mọ̀.

Ọyẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa náà lọ́dún yìí, ó dé etí omi pátápátá. Ní àárọ̀ àná mo fi ìka nu ara ilé wa, eruku pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bá ìka mi wá. Mo dúró wò ó títí. O sọ fún wa nígbà kan pé láti aṣálẹ̀ ni eruku ọyẹ́ ti ń wá, láti òkè Sókótó lọ́hùn-ún. Mo wá rò ó pé ibi tí a fẹ́ lọ ti kọ́kọ́ wá wò wá. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí nìyẹn.

O rántí bí ọ̀rọ̀ ilé pákó náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé wa lo jókòó sí, o ń sọ ti ọdún tí o ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó. O ní ojú a máa lọ, a máa lọ, kò ní rí ohun tó máa dá a dúró. O ní iyanrìn ibẹ̀ dà bí òkun tó sùn lọ. Bàbá Tófúnmi tó ń gbẹ́ àjẹ̀ lọ́wọ́ dáwọ́ dúró. Láti kékeré, kò sùn rí níbi tí kò ti gbọ́ ìró omi lábẹ́ ilé. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe máa ń rí. Ó ní òun á lọ, òun á kó ìyàwó àti ọmọ lọ, òun á sì gbé ilé lọ pẹ̀lú, lórí lọ́rì. O ní ìwọ ni wàá máa fi ọ̀nà hàn wá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilé. Lọ́rì kò sí o. Kò tilẹ̀ sí ọ̀nà tí lọ́rì lè gbà dé àdúgbò wa. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o ní, “Bàbá Tófúnmi, ṣé fìlà lẹ kọ́kọ́ ń rán, kí ẹ tó wá orí tí ẹ máa dé e lé?” Ó dá ọ lóhùn pé ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ kì í bi odò léèrè kó tó gbẹ́ ẹ. Bó ṣe mọ iṣẹ́ ló ṣe ṣe é: ó fi òwú dí gbogbo ojú pákó, ó fi ọ̀dà dúdú rẹ́ ìdí rẹ̀, ó gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sókè bí ẹni pé omi yóò kún bá a ní aṣálẹ̀. Àwa ará omi nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe náà ló sì gbà wá là.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ pé Bàbá Tófúnmi ti lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ, nítorí náà jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí o lọ ni ìjà odò, tí wọ́n fi ń jó abúlé kiri, dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀fín la kọ́kọ́ rí ní ìsàlẹ̀ odò, ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ kò tó. Bàbá Tófúnmi ti ilé pákó náà sínú omi, ó kó èmi àti àwọn ọmọ àti àwọn ìyá àgbà bíi mélòó kan sínú rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì, ó sì fà wá. Ilé náà léfòó, Moríkẹ́. Omi tó wọlé kò kún ife kan. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn, lápá ibùsùn wọn, wọ́n ń wo ibi tí a ti ń bọ̀ títí wọn kò fi rí i mọ́.

Ó fà wá dé Igbókọ̀dá, ó mu omi, ó ní òun ń padà lọ kó àwọn tó kù. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀. Ó tún lọ. Ọkọ̀ nìkan ni àwọn apẹja rí lọ́jọ́ kejì, tó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lójú omi lọ́nà Ararọ̀mí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Òun la kò rí. A wá a títí, a kò rí i sin.

Láti ìgbà náà, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Ilé náà jókòó lórí àgbá mẹ́rin, inú rẹ̀ la sì ń sùn. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án tí atẹ́gùn ń fẹ́, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ó ti gbéra, pé igi ń kọjá lójú fèrèsé, Òkìtìpupa kọjá, Òrè kọjá, àwọn igi wá ń kúrú sí i, wọ́n ń jìnnà síra wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò pè mí níta pé ẹja dé.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ mi àgbà, Bàbá Olówòkéré, ẹ̀gbọ́n Bàbá Tófúnmi, pe ẹbí jọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ńlá àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di tèmi àti tàwọn ọmọ, kí n máa fi ná ọjà ẹja. Mo dúpẹ́. Mo wá sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́rì. Bàbá wò mí.

“Ìyàwó, ẹja kì í gun igi.”

Mo ní, “Bàbá, bí odò bá ń jó ńkọ́?”

Wọ́n ní ẹnu mi ti mú láti ọjọ́ tí Tíṣà ti wá ń gbé nítòsí wa. Ìwọ ni wọ́n ń bá wí o.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ sún mọ́ omi mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, wọ́n á sá wọlé. Bí mo bá ní lọ́rì tó ń gbé ilé, mo lè máa ra ẹja gbígbẹ níhìn-ín, kí n máa tà á lókè lọ́dọ̀ yín láti ìlú dé ìlú, kí àwọn ọmọ sì máa sùn nínú ohun tí bàbá wọn kàn. Lọ́jọ́ kan, a ó tẹ̀síwájú dé ibi tí ó fẹ́ dé. N kò mọ èyí tó wọ̀ wọ́n létí nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣáà ní àwọn á bá mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, pé ẹnì kan ṣoṣo kì í lọ yan igi ọkọ̀.

Kingsley ni orúkọ mẹkáníìkì náà, ọmọ ibí ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́rì méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó ni wọ́n sì gbà láti fi èyí tó bá wù wá pààrọ̀ ọkọ̀ wa. Àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí àwọn ológun lò rí. Ó ga, táyà rẹ̀ dé Tófúnmi láyà, táyà iwájú ń fà á, tẹ̀yìn ń tì í. Kingsley ní kò sí ẹrọ̀fọ̀ tàbí iyanrìn tó lè gbé e mì. Ìkejì ni 911, irú àwọn onímú roboto tó ń kó gẹdú. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, kò sì sí ìlú láti ibí dé Sókótó tí a kò ti ní rí ẹni tó lè tún un ṣe.

Kí n má parọ́ fún ọ, èyí tó ga ni ọkàn mi fà sí. Mo ti ń rí i nínú iyanrìn tí o sọ, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ilé wà lórí rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí màlúù. Bàbá Olówòkéré ní tiwọn tẹ orí ba, wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kan irin gbọọrọ tó gbé ẹ̀yìn lọ́rì ró, wọ́n gbé etí lé e, bí a ti ń kan igi kí a tó gé e fún ọkọ̀.

Kingsley ní, “Bàbá, ṣé ó ń dá yín lóhùn?”

“Ó ń dá mi lóhùn. Ó ní o kò fi gírísì kan òun láti ọdún tó kọjá.”

Kingsley rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò purọ́ mọ́ òun.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wá fi okùn wọn ilé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ilé náà gùn ju ẹ̀yìn lọ́rì ológun lọ. Ó ní bí a bá gbé e lé e bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò yọ síta, yóò sì máa fa imú lọ́rì sókè bí ó bá ń gun òkè.

“Kò le,” ló wí. “A ó gé díẹ̀ kúrò ní ìdí ilé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.”

Ibi tó gbé ọwọ́ lé ni ibùsùn àwọn ọmọ, níbi tí fèrèsé kékeré yẹn wà.

Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo òde. Bàbá Tófúnmi sọ fún mi nígbà tó ń ṣe fèrèsé náà pé bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun mọ ibi tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó dàgbà. Mo fọwọ́ pa etí pákó rẹ̀. Ojú ibi tí irin iṣẹ́ rẹ̀ gbà kọjá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bí ìgbì kéékèèké. Lọ́rì gíga nìkan ló lè gbé mi wọ inú iyanrìn láìbẹ̀rù. Ṣé kí n gé ohun tó kù fún mi lára rẹ̀ nítorí kí n lè dé ibi tó fẹ́ lọ?

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní àwọn fẹ́ rí bí 911 ṣe máa jókòó. O mọ̀ pé a kì í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ agbẹ́kọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn kún inú rẹ̀ lójú omi, ká wo ibi tó ń tẹ̀ sí. Wọ́n kó gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn lọ́rì, wọ́n ní kí Kingsley fi táyà iwájú kan gun òkìtì iyanrìn. Àwọn akọrin ń di ara wọn mú, wọ́n ń bú Kingsley, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lọ́rì tẹ̀, irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ́ bí aṣọ tí a fún díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Kingsley ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé irin náà gbọ́dọ̀ máa lọ́ lójú ọ̀nà burúkú. Ohun tí kò yẹ ni kí a de ilé mọ́ ọn gbọn-in, nítorí bí irin bá lọ́, pákó á ya. Ó ní òun á ṣe ẹsẹ̀ mẹ́ta fún ilé, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, òun á fi rọ́bà sábẹ́ wọn, kí lọ́rì máa lọ́, kí ilé máa wò ó.

Bàbá Olówòkéré mi orí bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ará ilé rẹ̀ lẹ́nu àlejò. “Bí a ti ń so òpó ilé wa lójú omi nìyẹn. Okùn la fi ń so ó, kó lè bá ìgbì jó. Ohun tí ò ń wí ni pé kí a so ó bí ilé, kí a má kàn án bí pósí.”

A kò kan pósí kankan fún Bàbá Tófúnmi. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n dì í mú láyà, wọ́n ń wo ilé tí àbúrò wọn kàn, níbi tó jókòó sí lórí àgbá. Wọ́n wá kọjú sí mi.

“Ìyàwó, èwo lo mú?”

“Èyí tó gùn, Bàbá. Bí iyanrìn bá dá a dúró, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Kò sẹ́ni tó máa gé nǹkan kan nínú rẹ̀ lójú mi.”

Ní Ọjọ́rú, ẹni tó ni lọ́rì wá gbé ọkọ̀ lọ. Mo rò pé màá sunkún. Mo ṣáà dúró ní èbúté, mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi dà bí ìró kòkòrò, títí n kò fi mọ̀ bóyá mò ń gbọ́ ọ tàbí mò ń rò ó ni. Mo pe orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Jọọlá. N kò pè é rí nígbà tó wà láyé, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, ṣùgbọ́n omi nìkan ló gbọ́.

Lọ́rì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé báyìí, wọ́n ń wo ara wọn bí ọkọ àti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Kingsley ní kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ilé á ti gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wà á fún wa, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà kọjá Ìlọrin. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìgbà ayọ̀ la jọ dá àbá ìrìn àjò yìí, o sì ti ní iṣẹ́ tuntun; bí o bá ní o kò lọ mọ́, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n mo ti fi ibùsùn kan sílẹ̀ fún ọ, Ìséyìn la ó sì kọ́kọ́ yà.

Bá mi kí Ìyá dáadáa. Ẹja gbígbẹ tó wà nínú àpò tí lẹ́tà yìí bá wá, tiwọn ni; má jẹ́ kí wọ́n fún àwọn ahunṣọ tán. Bàbá Olówòkéré kí ọ. Wọ́n ní kí o má kọ́ àwọn ìyàwó Ìséyìn ní ẹnu mímú. Tófúnmi àti àbúrò rẹ̀ náà kí ọ.

Kingsley ní lọ́rì tó bá jókòó pẹ́ jù a máa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣáná sí i. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, màá máa ṣáná sí i títí o ó fi dé.

                                        Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ síbẹ̀,
                                        Àrìnpé, Ìyá Tófúnmi.