Orúkọ Àwọn Ọmọ Tí Mo Kọ́ Ti Tán

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ètè yìí. Mo kí àbúrò mi, ìyá Títí, tó ń tọ́jú yín. Mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá àwọn tó ṣì ń pè mí ní Tíṣà bí ẹni pé ìjọba kò tíì fẹ̀yìn mi tì. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà láàárọ̀, a sì máa ń parí ìjà náà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo gbọ́ pé ẹ ti dúpẹ́ níwájú ìjọ pé Títí ọmọọmọ yín di ọ̀gá ní Ìlọrin níbí. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ oyè náà fún yín. Ohun tí wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀ ni Business Development Executive. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, díẹ̀ ló kù kí n dìde kí i. Iṣẹ́ náà ni kó máa ta bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì sólà fún ẹni tó bá lè rà á. Àwọn tó ń ta àgbàdo ní ọjà Ìpàtà ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò tẹ káàdì fún wọn.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé kẹ́mísìrì ni Títí kà. Ọdún méjì ló fi wá iṣẹ́ láti ilé mi ní Ṣàngó kí ilé iṣẹ́ kan ní Challenge tó pè é. Ó ní wọn kò tilẹ̀ ṣí ìwé ẹ̀rí òun wò. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé fún un, pé kó kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó mọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Àwọn tó mọ̀ kò ju ogún lọ, iṣẹ́ làwọn náà ń wá. Ó jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, kò jẹun.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Mo ní kó mú bírò. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ṣì mọ ẹni tó jókòó ti ẹni. Mo ń dárúkọ, ó ń kọ: ẹni tó di dókítà, ẹni tó ní ilé epo, ẹni tó máa ń jíwèé wò tó wá di lọ́yà. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ tí mo ṣe ló ń so èso fún ọmọ wa.

Wọ́n rà á lóòótọ́. Ta ni yóò sọ fún tíṣà rẹ̀ pé òun ò rà? Oṣù mẹ́ta gbáko, àwòrán Títí ló wà lára ògiri ilé iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tà jù. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó jọ pé àná ló fá irùngbọ̀n àkọ́kọ́, wá kí mi. Ó ní ọjà títà kì í ṣe ọjà títà, àjọṣepọ̀ ni. Mo bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àjọṣepọ̀ náà bí ẹni yẹn bá ti rà á tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ó yẹ kí ẹ wá bá àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ ìwúrí.

Màmá, orúkọ tán. Ẹni tó ra bátìrì lónìí kò ní ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Títí wá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù nínú eruku. Alhaji kan ní Ìpàtà fún un lómi tútù, ó bi í bóyá ó ti lọ́kọ, ó ní kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí i, kò sì ra nǹkan kan. Wọ́n ní bí kò bá mú oníbàárà tuntun mẹ́wàá wá kí oṣù yìí tó parí, kó máa lọ sílé. Ẹyọ kan ló ti rí. Èmi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́yà yẹn rí mi ní Challenge. Ó sáré sọdá títì láàárín ọkọ̀ kó má baà bá mi pàdé, ẹni tí kì í sáré nígbà tí pàṣán wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ará ilé mi níbí. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láìyà. Kérésì dé tán báyìí, ẹnìkan kò yà.

Ní Sátidé, Títí ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe ọdún ló ń bọ̀ wá ṣe. Orúkọ àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ló fẹ́ gbà. Ó bi mí bóyá kò burú. Mo ní kó má gbàgbé súwẹ́tà.

Ẹ má fún un, Màmá. Wọn yóò rà á nítorí ojú yín, kódà àwọn tí apá wọn kò ká a, wọn yóò sì wá máa gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù kan péré ni gbogbo wọn lè fi kún iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Èmi ló yẹ kí n wí i fún un, n kò lè wò ó lójú. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Ẹ ṣáà má sọ fún un pé iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀. Mo ti bá a wá a dé ibi tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé, n kò rí i.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ojú yín kò ní ríbi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹni tó béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Jóṣúà, ní Ṣàngó.